Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Erùpẹ̀ Àtọwọ́dá fún Ẹ̀rọ Tó Ń Lọ sí Òṣùpá àti Máàsì

Lẹ́yìn tí a kọ̀wé lórí rófà, ìyẹn ọkọ̀ aláìláwakọ̀ tí wọ́n ń rán lọ rìn lórí Òṣùpá àti Máàsì, ìbéèrè tó wọlé jù lọ ni ti erùpẹ̀ àtọwọ́dá, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n fi òkúta ayé ṣe kó lè jọ ti ibẹ̀, tí wọ́n fi ń dán wọn wò kí wọ́n tó gbéra láyé. A ṣa méje nínú wọn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Sáyẹ́ǹsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n bi mí pé ṣebí wọ́n ti kó erùpẹ̀ wá láti Òṣùpá, kí ló dé tí wọn kò fi ìyẹn dán ẹ̀rọ wò? Bí kò bá sì tó, ṣé yanrìn odò kò lè ṣe é? — *Olùkọ́ kan*

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ohun tí wọ́n kó wá kò pọ̀ rárá. Ìrìn àjò Apollo mẹ́fà ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó balẹ̀ sórí Òṣùpá láàárín 1969 sí 1972 kó òkúta àti erùpẹ̀ tó jẹ́ kílógíráàmù 382 wálé. Chang'e 5 ti ilẹ̀ Ṣáínà kó gíráàmù 1,731 ní 2020. Chang'e 6 kó nǹkan bíi gíráàmù 1,935 ní 2024, láti ẹ̀yìn Òṣùpá tí ojú wa kì í tó láti ayé. Ẹ wá wo àpótí ìdánwò kékeré kan: mítà kan ní gígùn, mítà kan ní fífẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 30 ní jíjìn. Erùpẹ̀ tó máa kún un tó kílógíráàmù 480. Gbogbo ẹrù Apollo kò kún àpótí kan ṣoṣo. Ti Máàsì tún wá le jù bẹ́ẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni kò tíì kó ẹ̀kúnwọ́ kan wá láti ibẹ̀.

Ní ti yanrìn odò, omi ti yí hóró rẹ̀ lórí ara wọn títí igun wọn fi jẹ tán. Òṣùpá kò ní omi tó ń ṣàn, kò sì ní afẹ́fẹ́. Òkúta kéékèèké tó ń já lù ú láti òfuurufú ló ń fọ́ ilẹ̀ ibẹ̀, nítorí náà hóró rẹ̀ rí bí àfọ́kù ìgò, ó sì kúnná débi pé nǹkan bí ìdajì rẹ̀ kò tó 0.07 mìlímítà. Ẹ tẹ bàtà mọ́ yanrìn odò gbígbẹ, etí ipa ẹsẹ̀ yóò ya lulẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá tẹ bàtà kan náà mọ́ erùpẹ̀ àtọwọ́dá tó dára: gbogbo ìlà ìsàlẹ̀ bàtà ló máa hàn, etí rẹ̀ yóò sì dúró ṣánṣán láìsí ẹ̀kán omi kan nínú rẹ̀. Igun àwọn hóró ló ń di ara wọn mú bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ má kẹ́gàn yanrìn. Ní ibùdó Glenn ti NASA, àjọ tó ń rí sí ìrìn àjò òfuurufú ní Amẹ́ríkà, yanrìn tí wọ́n ń tà lọ́jà ni wọ́n pò pọ̀ ní oríṣiríṣi ìwọ̀n hóró tí wọ́n fi ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní GRC-1. Wíìlì ni wọ́n ń fi dán wò. Bí ilẹ̀ ṣe ń gbé wíìlì ró nìkan ni wọ́n ń wá, kò kàn wọ́n bóyá irú òkúta ti Òṣùpá ló wà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Àwa akẹ́kọ̀ọ́ kan ń ṣe rófà kékeré fún ìdíje. JSC-1A, LHS-1, MGS-1, EAC-1A, gbogbo orúkọ wọ̀nyí ti dàrú mọ́ wa lójú. Èwo ni ká rà? — *Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ*

Ìdáhùn: Ẹ má tíì béèrè orúkọ. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé apá wo nínú ẹ̀rọ yín ló máa kan ilẹ̀, kí ni ilẹ̀ sì máa ṣe fún un. Kò sí erùpẹ̀ àtọwọ́dá kan tó jọ ti Òṣùpá nínú ohun gbogbo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ṣe kó lè jọ ọ́ nínú ohun kan tàbí méjì.

Àwọn pẹ̀tẹ́lẹ̀ dúdú tí ẹ ń rí lójú Òṣùpá jẹ́ òkúta basalt, ìyẹn òkúta dúdú tó ń wá láti inú òkè ayọnáyèéfín. JSC-1, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1990 sí òkè, wá láti inú eérú òkè ayọnáyèéfín nítòsí Flagstaff ní Arizona. JSC-1A ni wọ́n ṣe tẹ̀ lé e láti ibì kan náà. Dígí pọ̀ nínú rẹ̀, bó ṣe pọ̀ nínú erùpẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ Òṣùpá. Ibi funfun tó ga lójú Òṣùpá, òkúta mìíràn ló wà níbẹ̀, anorthosite ni orúkọ rẹ̀. NU-LHT, tí òkúta rẹ̀ wá láti Stillwater ní Montana, àti LHS-1 ni ẹ máa lò fún ìyẹn. Bí rófà yín bá ń lọ sí gúúsù Òṣùpá, níbi tí gbogbo ayé ń fojú sí báyìí, irú ilẹ̀ yìí ló máa bá pàdé. EAC-1A jẹ́ ti àwọn ará Yúróòpù, láti òkúta Jámánì. Òun ló wà nílẹ̀ gbọ̀ngàn ìdánwò LUNA ní ìlú Cologne tí wọ́n ṣí ní 2024, tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó mítà onígun-mẹ́rin 700. Ní ti Máàsì, JSC Mars-1 wá láti Pu'u Nene ní Hawaii. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ti Máàsì dáadáa, ṣùgbọ́n ó máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra gan-an. MGS-1 ni wọ́n po gẹ́gẹ́ bí ohun tí rófà Curiosity rí nínú iyanrìn Rocknest lórí Máàsì.

Bó bá jẹ́ wíìlì ni, ìtóbi hóró àti bí ilẹ̀ ṣe dì tó ni kẹ́ ẹ fojú sí. Bó bá jẹ́ rọ́bà tó ń dènà eruku létí bíárìn, líle hóró àti mímú igun rẹ̀ ló ṣe pàtàkì, pàápàá lẹ́búlẹ́bú tí kò tó 0.02 mìlímítà, nítorí òun ló ń wọ inú. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ń yẹ ìmọ́lẹ̀ wò láti mọ ohun tó wà nínú òkúta, GRC-1 kò wúlò fún un, ó di dandan kí òkúta inú erùpẹ̀ náà bá ti ibẹ̀ mu. Ibi tí wọ́n bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ewu ibẹ̀ ni pé erùpẹ̀ tí kò yẹ kì í kọ̀ láti fún yín ní èsì. Yóò fún yín ní nọ́ńbà tó dùn ún wò, irọ́ ni.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí. Erùpẹ̀ Òṣùpá gidi ní hóró irin tíntìntín nínú awọ ara rẹ̀, tó fi jẹ́ pé mágínẹ́ẹ̀tì ń fa eruku rẹ̀. Ọ̀pọ̀ erùpẹ̀ àtọwọ́dá kò ní i. Bí ẹ bá fẹ́ fi mágínẹ́ẹ̀tì gbọn eruku kúrò lára ẹ̀rọ, èsì àtọwọ́dá kò lè dá yín lójú.

Ìbéèrè: A kan àpótí, a da erùpẹ̀ sí i, a gbé rófà lé e. Lẹ́ẹ̀kíní, wíìlì rì ní sẹ̀ǹtímítà 2. A tún un ṣe ní ojú ibi kan náà, kò rì ju mìlímítà 5 lọ. Ní ọjọ́ kejì, ó tún yàtọ̀. Kí ló bà jẹ́ lára rófà wa? — *Ẹgbẹ́ olùdíje kan*

Ìdáhùn: Kò sí ohun tó ṣe rófà yín. Ilẹ̀ yẹn ni kì í ṣe ilẹ̀ àkọ́kọ́ mọ́. Wíìlì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ó ti dì. Ìdí rèé tí a fi ń sọ pé iṣẹ́ títọ́jú àpótí ju iṣẹ́ wíwa rófà lọ. Ìdánwò ìṣẹ́jú márùn-ún lè gba odidi ọjọ́ kan láti palẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rinrin. Ọ̀rinrin ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún ti tó láti so hóró pọ̀, kí ilẹ̀ yín le ju bó ṣe yẹ lọ, ìdí tí ọjọ́ kejì fi yàtọ̀ lè má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tẹ́ erùpẹ̀ sínú àwo fẹ̀ǹfẹ̀, kó má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, kẹ́ ẹ sá a sínú ààrò oníná ní dígírì 110. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ dá a padà, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ìgbà tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá dín mọ́ ló gbẹ. Kó tutù nínú ike tí ẹ dé pinpin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò tún fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún MGS-1 o. Àwọn èròjà kan nínú rẹ̀ di omi mọ́ra bí ara wọn, ooru 110 á yí wọn padà di nǹkan mìíràn. Dígírì 40 sí 50 fún ọjọ́ bíi mélòó kan ló bá a mu.

Lẹ́yìn náà, ẹ mọ bí erùpẹ̀ yín fúnra rẹ̀ ṣe ń dì. Ẹ mú garawa kan tí ẹ mọ ìwọ̀n omi tó ń gbà. Ẹ rọra da erùpẹ̀ sí i láti ibi tó sún mọ́lẹ̀, kó kún láìtẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n: ìyẹn ni bó ṣe lè fúyẹ́ tó. Ẹ tún kún un ní ìpele ìpele, kẹ́ ẹ máa gbọn garawa náà títí kò fi rì mọ́: ìyẹn ni bó ṣe lè dì tó. Láàárín méjèèjì ni ẹ máa ti yan tiyín. Lórí Òṣùpá, sẹ̀ǹtímítà 15 òkè wà ní nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀nà láti orí fífúyẹ́ dé orí dídì. Láti sẹ̀ǹtímítà 30 sísàlẹ̀, ó ti ju ìdá 90 lọ. Òkè rọ̀, ìsàlẹ̀ le bí ilẹ̀ tí wọ́n gún. Ẹ má kàn kọ nọ́ńbà ti Òṣùpá sílẹ̀ kẹ́ ẹ fi sínú àpótí, nítorí hóró ti Òṣùpá wúwo ju ti JSC-1A lọ, nǹkan bíi 3.1 sí 2.9, ìyẹn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo ju omi lọ nígbà mélòó.

Ẹ fi gègé fa ìlà sí ara ògiri inú àpótí ní sẹ̀ǹtímítà 5-5. Bí ẹ bá fẹ́ kí erùpẹ̀ tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga wúwo tó kílógíráàmù 1,600, nínú àpótí mítà kan sí mítà kan, ìpele kọ̀ọ̀kan gba kílógíráàmù 80 géérégé. Ẹ wọn 80, ẹ dà á, ẹ fi pátákó gbọọrọ tẹ́jú rẹ̀. Bó bá ṣì ga ju ìlà lọ, ẹ fi òòlù onírọ́bà máa kan ara àpótí títí yóò fi balẹ̀ dé ìlà. Ìpele mẹ́fà, ó parí. Ẹ má dà á láti òkè téńté o. Hóró ńlá á kọ́kọ́ balẹ̀, lẹ́búlẹ́bú á fò lọ sókè, yóò wá balẹ̀ kẹ́yìn bí awọ fẹ́lẹ́ kan tó kúnná bí àtíkè, orí awọ yẹn sì ni wíìlì yín máa kọ́kọ́ tẹ̀.

Kí rófà tó gun orí rẹ̀, ẹ mú ọ̀pá onírin tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, kẹ́ ẹ fi tì í wọlẹ̀ níbi mẹ́ta ní ìyára kan náà, kẹ́ ẹ máa ka agbára tó ń gbà ní sẹ̀ǹtímítà méjì-méjì. Bí ibì kan bá yàtọ̀ sí èkejì ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, ẹ tú gbogbo rẹ̀, kẹ́ ẹ tún un tò. Ó ń dunni, a mọ̀. Àmọ́ orí ilẹ̀ tí ẹ kò mọ̀ ni ẹ máa gbé gbogbo ìṣirò yín lé bí ẹ kò bá ṣe é.

Ẹ wo jíjìn àpótí náà. Ìnira tí wíìlì ń fún ilẹ̀ máa ń dé ìsàlẹ̀ tó ìlọ́po méjì fífẹ̀ rẹ̀ kó tó rọlẹ̀. Wíìlì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, 20 lábẹ́ rẹ̀, kó má lọ jẹ́ pátákó ìsàlẹ̀ àpótí ló ń gbé e ró. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ fi í jìnnà sí ògiri.

Rírì nìkan kò tó ẹ kọ sílẹ̀, ẹ wọn bí wíìlì ṣe ń yí lásán. Wíìlì tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 50 gbọ́dọ̀ gbé yín lọ síwájú ní 157 bó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Bí rófà kò bá lọ ju 110 lọ, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìyípo yẹn ṣòfò. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú rírì, nítorí wíìlì tó ń yí lásán ń gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀.

Lẹ́yìn ìlò bíi mélòó kan, ẹ bu gíráàmù 100 níbi mẹ́ta, kẹ́ ẹ jọ̀ ọ́ nínú asẹ́ oríṣiríṣi. Hóró dígí inú JSC-1A ní ihò afẹ́fẹ́ nínú, wọ́n ń fọ́ lábẹ́ wíìlì, erùpẹ̀ yóò sì máa kúnná sí i láìjẹ́ pé ẹ rí i lójú.

Ìbéèrè: Òòfà ilẹ̀ ti Òṣùpá kò ju ìdá kan nínú mẹ́fà ti ayé lọ. Báwo ni ìdánwò níbí ṣe wá lè jóòótọ́? — *Òǹkàwé kan*

Ìdáhùn: Ọ̀nà kan ni pé kí wọ́n dín ìwúwo rófà kù. Ní JPL, ilé iṣẹ́ NASA kan ní California, rófà kan wà tí wọ́n ń pè ní Scarecrow. Ó ní wíìlì àti ẹsẹ̀ bíi ti Curiosity, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ kọ̀ǹpútà àti gbogbo ẹrù inú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìwúwo rẹ̀ láyé bá ìwúwo Curiosity lórí Máàsì mu. Curiosity tó kílógíráàmù 899; ìwọ̀n tó ń tẹ ilẹ̀ Máàsì dà bíi 340 níbí.

Ọ̀nà kejì ni okùn láti òkè. Rófà 60 kílógíráàmù tó ń lọ sí Òṣùpá, okùn á gbé 50 kúrò, kí 10 máa tẹ ilẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ rèé: okùn gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán lórí rófà bó ṣe ń lọ. Bó bá tẹ̀ síwájú ní dígírì méjì péré, ó ń fa rófà náà pẹ̀lú agbára tó tó ti kílógíráàmù 1.7. Lára ohun tó wúwo ní 10, bíi pé ẹ ń tì í gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dígírì 10 ni. Èsì yín á dára, ẹ ó sì máa yọ̀ lórí asán.

Kódà bí gbogbo èyí bá pé, ìṣòro kan kù. Rófà ni ẹ mú fúyẹ́, ẹ kò mú hóró ilẹ̀ fúyẹ́. Láyé, ìwúwo àwọn hóró fúnra wọn ń tẹ̀ wọ́n mọ́ra, ilẹ̀ sì ń le sí i nípa bẹ́ẹ̀. Lórí Òṣùpá, wọn kò tẹ ara wọn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ka èsì rírì tí ẹ rí pẹ̀lú rófà tí ẹ mú fúyẹ́ sí èyí tó dára jù bó ṣe máa rí lọ, kẹ́ ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú ìṣirò yín.

Ìbéèrè: A gbé garawa erùpẹ̀ sínú àpótí tí a ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, erùpẹ̀ bẹ́ sókè bí omi híhó, ó bo gbogbo ẹ̀rọ wa. Kí ló fà á? — *Ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí*

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín àwọn hóró ni. Nígbà tí pọ́ǹpù ń fa ti òkè kíákíá, ti ìsàlẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde bọ̀rọ̀. Erùpẹ̀ tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30 kò lè fi ìwúwo rẹ̀ mú ju 4.7 kilopascal lọ mọ́lẹ̀ (òun ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tì tó), bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ayé tó 101. Kí ìyàtọ̀ òkè sí ìsàlẹ̀ ṣáà ti ju 4.7 yẹn lọ, gbogbo rẹ̀ á gbéra. Bó bá wá ní ọ̀rinrin, ẹ̀ẹ̀kejì á tún ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá bọ́ sábẹ́ 2.3, nítorí níbẹ̀ ni omi ti ń hó ní dígírì 20.

Ẹ gbẹ erùpẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé. Ẹ fi fáàfù kékeré dín agbára pọ́ǹpù kù, kẹ́ ẹ máa dúró díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí ni, nígbà mìíràn iṣẹ́ ọjọ́. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ fi páìpù tí asẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ garawa, kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ náà rí ọ̀nà gbà. Ẹ gbé kámẹ́rà síbi tó ń wo ojú erùpẹ̀: kó tó bẹ́, ẹ ó rí ihò róńdórońdó tó ń ṣí sójú rẹ̀. Ní kété tí ẹ bá rí ìyẹn, ẹ pa pọ́ǹpù. Asẹ́ sì gbọ́dọ̀ wà láàárín àpótí àti pọ́ǹpù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ eruku yìí á jẹ inú pọ́ǹpù tán.

Ìbéèrè: Dírílì tó máa wá omi dídì ní gúúsù Òṣùpá ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe erùpẹ̀ oníyìnyín? — *Òǹkàwé kan*

Ìdáhùn: Nígbà tí LCROSS, ẹ̀rọ ìwádìí NASA kan, já lu kòtò Cabeus ní gúúsù Òṣùpá ní 2009, omi tí wọ́n rí nínú ohun tó fọ́n sókè sún mọ́ ìdá 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ìdá 5, ẹ mú erùpẹ̀ gbígbẹ kílógíráàmù 19 àti omi kílógíráàmù 1. Ẹ máa fi ìgò afọ́nmi wọ́n ọn sórí erùpẹ̀ tí ẹ tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ pò ó, ẹ dé e pinpin mọ́jú kí omi rìn kárí, lẹ́yìn náà ni ẹ ó gún un sínú kòlòbó ní ìpele ìpele kẹ́ ẹ tó mú un dì. Èyí máa ń le bíi kọnkéré. Bó bá jẹ́ hóró yìnyín gbígbẹ ni ẹ pò mọ́ erùpẹ̀ tó ti tutù, yóò rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ jìnnà, bẹ́ẹ̀ ìdá 5 kan náà ni. Ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ gbà ṣe é sílẹ̀. Ìdá omi nìkan kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń ka èsì yín.

Ohun tó ń mú dírílì há níbẹ̀ ni ooru ara rẹ̀: ó yọ́ yìnyín, ó dúró díẹ̀, omi tún dì mọ́ ọn lára. TRIDENT, dírílì onímítà kan ti NASA, ń gbẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá-mẹ́wàá ni, á sì gòkè wá da ohun tó gbẹ́ sílẹ̀ kó tó padà wọlẹ̀. Àìsí yìnyín náà kò sọ pé kò ní há. Ní 1971, dírílì Apollo 15 kò dé ibi tí wọ́n fẹ́, nítorí ilẹ̀ dì ju bí wọ́n ṣe rò lọ, ibi tí wọ́n ti so ọ̀pá rẹ̀ pọ̀ sì gé ọ̀nà tí erùpẹ̀ ń gbà gòkè. Wọ́n tún ọ̀pá náà ṣe fún Apollo 16 àti 17, ó sì ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè: Ǹjẹ́ erùpẹ̀ àtọwọ́dá ti gba ẹ̀rọ kan là rí? Ṣé kò sì léwu fún ẹni tó ń fọwọ́ kàn án? — *Òbí akẹ́kọ̀ọ́ kan*

Ìdáhùn: Ó ti gbà á là. Ní oṣù kẹrin 2005, Opportunity, rófà NASA kan, há sínú iyanrìn lórí Máàsì. Àwọn ará JPL po yanrìn, amọ̀ àti lẹ́búlẹ́bú diatomite pọ̀ títí ó fi hùwà bíi ti ibẹ̀, wọ́n ri rófà mìíràn sínú rẹ̀, wọ́n kọ́ bí yóò ṣe jáde. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, Opportunity bọ́. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún Spirit, rófà mìíràn lórí Máàsì, ní 2009, ṣùgbọ́n kò jáde mọ́ láéláé. Oṣù kẹta 2010 ni wọ́n gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn. Ti InSight, ẹ̀rọ NASA tó balẹ̀ sójú kan lórí Máàsì, ló ń dun àwọn oníṣẹ́ yìí jù. Ọ̀pá agúnlẹ̀ rẹ̀ gùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40, wọ́n fẹ́ kó wọlẹ̀ tó mítà 5. Ó nílò kí erùpẹ̀ ya lulẹ̀ sí i lára kó lè dì í mú bó ṣe ń gún. Ilẹ̀ Máàsì ibẹ̀ dì pọ̀ ní èèpo, ihò náà dúró gbagada, ọ̀pá ń ta pọ́n-ún nínú rẹ̀. Wọ́n jáwọ́ ní oṣù kìíní 2021. Nítorí náà, ẹni tó bá ń dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò, kó má ṣe erùpẹ̀ tó rọ̀ nìkan. Kó tún ṣe èyí tó dì bí èèpo, àti èyí tí òkúta wà nínú rẹ̀.

Ewu ibẹ̀, inú ẹ̀dọ̀fóró ló wà. Lẹ́búlẹ́bú yìí ń wọ ìsàlẹ̀ àyà, èyí tó bá sì ní quartz (òkúta líle tó wọ́pọ̀ nínú yanrìn) nínú lè fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí kò ní ìwòsàn. Kí ọmọ yín lo ìbomú N95 tàbí P100, kì í ṣe aṣọ lásán, àti gíláàsì tó bo ojú pátápátá. Kó má fi ìgbálẹ̀ gbá a, kó má sì fi ẹ̀rọ fẹ́ ẹ; ẹ̀rọ afaruku tó ní asẹ́ HEPA ni kó lò. Kó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sí yàrá ibẹ̀, kó má wọ̀ ọ́ wálé.